Àwòrán Odò Tí A Kò Bá Lórí Ògiri

Láti ìgbà tí mo ti dé, bí mo bá jáde láti ra búrẹ́dì, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tí mo bá pàdé: "Bàbá Bùṣírá, ẹ káàbọ̀ o. Ìyá Bùṣírá ńkọ́?" Ọlọ́kadà á dẹ eré rẹ̀ kó lè bi mí. Ìyá oníṣu tó ń jókòó ní ìdojúkọ mọ́ṣáláṣí wa kò tilẹ̀ dúró kí n dáhùn; ó ní òyìnbó ti gba ìyàwó mi. Mo ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí n lè ra búrẹ́dì mi ní àlàáfíà.

Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ sẹ́yìn ni Àṣàbí, ìyàwó mi, lọ bá Bùṣírá àkọ́bí wa wẹ ọmọ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún, ọmọ ti ń rìn, wọ́n tún ní oyún mìíràn ti dé. Kí n má purọ́, ọdún àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Mò ń jẹun nígbà tó bá wù mí, mò ń tan rédíò sókè bó ṣe wù mí, kò sẹ́ni tó ń bi mí ibi tí mo bọ́ fìlà mi sí. Ọdún kejì ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù. Ní ọdún kẹta, mo rán àwọn àgbà sí i.

Ẹ mọ̀ bí a ti í ṣe é. Bí ìyàwó bá pẹ́ jù níbi tó lọ, ọkọ kì í dìde pẹ̀lú ariwo. Àgbà ló ń rán. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àlùfáà ló kọ́kọ́ pè é, ó ṣe àdúà fún un lórí fóònù títí ó fi já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ṣẹ̀kọ́nà fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó sunkún díẹ̀ mọ́ ọn kó lè wọra. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa tún pè é. Gbogbo wọn ni Àṣàbí dá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á jẹ́ ká ríra." Kò sí bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀, kò sì sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó yá, mo wá òǹtẹ̀ ìwé ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní físà, mo dìde fúnra mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìyàwó.

Irú nínú báàgì

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú dà yín láàmú. Ẹni tó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó kún láti Ẹdẹ dé Kánò ti mọ ohun tí ojú orúnkún ń rí. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin gíga kan, tí irun rẹ̀ pupa bí epo tuntun, ṣí báàgì mi, ó sì yára fi ọwọ́ bo imú. Irú ni. Mo ti dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta àti ike kan, ṣùgbọ́n irú ni irú ń jẹ́. Ó bi mí bóyá nǹkan kan ló kú síbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé èròjà ọbẹ̀ ni, pé ìyàwó mi wà ní ìlú wọn níbẹ̀, pé ọdún mẹ́ta ààbọ̀ rèé tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ṣé ìyàwó náà ló ní kí n gbé e wá. Mo ní rárá, mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ ni. Ó pa báàgì náà dé jẹ́jẹ́, ó ní kí n máa lọ, kí Ọlọ́run jẹ́ kó gbẹ̀bẹ̀.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí Bùṣírá fi ọkọ̀ gbé mi wọ ìlú. Òjò ibẹ̀ kò jọ tiwa. Kì í halẹ̀, kì í sán àrá, kì í mi igi. Ó kàn máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ ni, bí ẹni pé ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn èèyàn rìn ní títì. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọn, òjò sì ti sọ ọ́ di dúdú níbi púpọ̀. Mo gbé ìlú yìí rí nígbà tí mo wà léwe, tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi, bí ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn. Mò ń wo gbogbo rẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tó ń lá àlá tó ti lá rí, tí kò rántí ibi tí àlá náà parí sí.

Àṣàbí ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bùṣírá. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Orúnkún rẹ̀ dún, mo sì yára fà á dìde. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò. Mi ò sọ nǹkan kan sí ṣòkòtò. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ki imú bọ inú ọ̀rá irú, ó sì dijú, ó pẹ́ kó tó là á. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ọkùnrin ṣe máa ń tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn.

Ìlú tó ń pe obìnrin ní adìyẹ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn òyìnbó kì í kíni. Bóyá ti ibòmíràn ni. Ti Glasgow, bí o bá dúró ní ibùdókọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwọ náà á ti mọ orúkọ ajá ẹni tó dúró tì ọ́, àti ohun tí dókítà sọ nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo èrò ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ obìnrin, wọ́n á pè é ní adìyẹ. Bàbá arúgbó kan pe ìyàwó mi bẹ́ẹ̀ lójú mi. Mo ti fẹ́ bínú kí Àṣàbí tó fọwọ́ kàn mí pé ìkẹ́ ni. Mo ní adìyẹ tí mo fi owó orí fẹ́, ṣé bàbá yìí mọ̀? Ó rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Gẹ̀ẹ́sì wọn ló dá mi lágara. Ọ̀rọ̀ máa ń yí kiri lẹ́nu wọn bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú omi kó tó jáde. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì gba oyè níbẹ̀, ìyàwó mi ló ń ṣe ògbufọ̀ fún mi nísinsìnyí. Nínú ṣọ́ọ̀bù, olùtajà á sọ̀rọ̀, màá rẹ́rìn-ín, màá wo ojú Àṣàbí. Àlejò ni mí níwájú aya mi. Ohun tí mi ò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Oúnjẹ wọn kò burú tó bí wọ́n ti ń wí. Ọ̀dùnkún ni iṣu wọn, ọ̀dùnkún ni ìrẹsì wọn. Wọ́n ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń fi inú àgùntàn ṣe: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ọkà àti ata díẹ̀ sí i, wọ́n á rọ ọ́ sínú ikùn àgùntàn, wọ́n á sè é. Bùṣírá rí i rà lọ́dọ̀ alápatà tó ń dúńbú bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé màá sá. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ Ẹdẹ tó ti jẹ ṣàkì láti kékeré kò lè sá fún àgùntàn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n bù sí i.

Àmọ́ ohun tó dẹ́rù bà mí jù kì í ṣe oúnjẹ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, Àṣàbí kó aṣọ sínú àpò, ó ní òun ń bọ̀. Mo ní níbo. Ó ní òun fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́. Mo rò pé àwàdà ni. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ìlú wa, obìnrin yìí kò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí, ó máa ń ní omi kò lẹ́yìn tó lè gbé èèyàn. Mo tẹ̀ lé e. Inú ilé ńlá kan ni adágún náà wà, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì móoru. Àṣàbí bọ́ sínú rẹ̀ láàárín àwọn ìyá arúgbó ibẹ̀, ó wọ aṣọ tó bò ó dé ọrùn ọwọ́, ó dojú sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì, omi sì gbé e dúró. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ojú rẹ̀ tutù bí ojú ọmọ tó ń sùn. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú fìlà mi, mo ń wò ó, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ilé wa ní Ẹdẹ kò ní ohun kan tó lè gbé e dúró bẹ́ẹ̀.

Ilé tó móoru

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà, mo ní ká lọ sí ilé-ọnà. Kí n ṣàlàyé.

Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, otútù fẹ́ pa mí. Inú yàrá mi tutù débi pé òróró ìdáná mi máa ń dì. Ẹnìkan ló wá sọ fún mi pé ilé ńlá kan wà tí wọ́n kó àwòrán àti ère jọ sí, pé wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pé ó sì móoru. Kí ni mo mọ̀ nípa àwòrán? Ooru ni mo bá lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, màá kó ìwé mi, màá wá ìjókòó níbi tí ẹ̀rọ amúlémóoru bá wà nítòsí.

Ìjókòó tó dára jù wà níwájú àwòrán odò kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì. Ní ọjọ́ kan mo bá ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan lórí rẹ̀, tó fi gèlè aláwọ̀ ewé wé orí, tó ń sùn ní ìjókòó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ àṣemọ́jú dé ni, òun náà sì wá gba ooru. Mo rọra jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. Ṣàdédé ló sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó ní, "Ẹ má tíì ká aṣọ yẹn, kò tíì gbẹ." Yorùbá! Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín náà sì jí i. Mo bi í níbo ló ti wá. Ó ní ibì kan tí mi ò lè mọ̀, abúlé tí ń jẹ́ Ṣẹ̀kọ́nà. Èmi tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá Ṣẹ̀kọ́nà láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀. A la òkun kọjá ká tó pàdé ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Àìkú di tiwa. A máa ń jókòó síwájú odò yẹn, a máa ń jẹ ẹ̀pà tí a fi pamọ́ sápò, a máa ń jiyàn. Mo ní odò náà jọ Ọ̀ṣun níbi tó ti tẹ̀ lábẹ́ igi lẹ́yìn Ẹdẹ. Ó ní kò jọ ọ́ rárá, Ọ̀ṣun kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkùukùu bo omi inú àwòrán náà, ìmọ́lẹ̀ kan sì ń bọ̀ láti ibì kan tí èèyàn kò lè rí. Bí èèyàn bá wò ó pẹ́, á dà bí ẹni pé ó ń rìn.

Ibẹ̀ náà ni mo ti tọrọ rẹ̀, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni Gàníyù ti bá mi tọrọ rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni Gàníyù, ó dé ní ọdún kejì, yàrá kan náà la sì wá jọ ń gbé, mo sì fi í ṣe alárinà bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí ṣe. Ó jókòó tì í níwájú odò, ó to ẹjọ́ mi kalẹ̀. Èmi sì fara pamọ́ sẹ́yìn ẹṣin òkúta kan ní yàrá kejì, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn láàárín ẹsẹ̀ ẹṣin. Àṣàbí ní kó sọ fún mi pé òun ti gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà lọ sílé, tí àwọn bàbá wa gbà á lọ́wọ́ wa. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín tó ìgbà ogún. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń rò pé Àṣàbí ń bá wa rẹ́rìn-ín.

Ògiri

Ewé igi ń já bọ́ lọ́jọ́ tí a lọ. Pupa, ìyeye, àwọ̀ obì; wọ́n bo gbogbo ọ̀nà inú ọgbà, wọ́n sì ń yọ̀. Mo di ọwọ́ Àṣàbí mú nítorí kó má baà ṣubú, nígbà tí a dé ilẹ̀ tí kò yọ̀ mọ́, mi ò fi sílẹ̀. Ìkùukùu wà lórí odò ìlú náà. Mo ti to gbogbo ohun tí màá sọ sínú ọkàn: níwájú àwòrán yẹn, inú rẹ̀ á rọ̀, ohun gbogbo á padà wá.

Ẹṣin òkúta ṣì wà níbẹ̀. A yà sí yàrá wa, mo sì dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Kò sí àwòrán. Ògiri funfun ló wà níbẹ̀, àti ojú ibi tí àwòrán náà wà tẹ́lẹ̀, tó mọ́ ju ìyókù ògiri lọ, pẹ̀lú páálí kékeré kan tó ní wọ́n ti yá ilé-ọnà mìíràn lókè òkun ní àwòrán náà fún ọdún kan. Ó dùn mí gan-an. Mo wá láti Ẹdẹ, ẹ jọ̀wọ́, odò náà sì ti rin ìrìn-àjò. Àṣàbí wo ògiri, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó jókòó sí.

Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà sún mọ́ wa, ó ní àwọn àwòrán odò mìíràn wà lókè, ṣé kí òun mú wa lọ. Àṣàbí ní ó ṣeun, pé a fẹ́ wo èyí. Obìnrin náà wo ògiri tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, ó wo àwa arúgbó méjì, ó ní kí a wò ó dáadáa, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà lápá òsì, ọkùnrin kan ló ń tù ú. Àṣàbí ní kò sí ọkọ̀ kankan, obìnrin tó ń fọ aṣọ ló wà níbẹ̀. Mo ní igi mẹ́ta. Ó ní igi kan, òjìji rẹ̀ ni mo kà mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tí a jọ wò fún ọdún méjì, ìkùukùu nìkan ni a fẹnu kò lé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, tèmi náà lọ sílẹ̀, ó wá ṣe mí bí ẹni pé mo ń gbọ́ omi. Mo rò pé àsìkò ti tó. Mo túnra mú.

Mo ní, "Ìyá Bùṣírá, ẹ̀gbọ́n mi Àlùfáà ní kí n tún bi ọ́ pé..."

"Ẹ̀gbọ́n yín ti bi mí." Kò pariwo. "Ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣẹ̀kọ́nà ti bi mí. Ìyá àgbà ti bi mí. Kí a tó fẹ́ra, orí ìjókòó yìí ni mo wà tí Gàníyù bi mí, ẹ̀yin wà lẹ́yìn ẹṣin. Bàbá Bùṣírá, nínú gbogbo wọn, ta ló ń fẹ́ mi?"

Mo fẹ́ sọ pé àṣà ni, pé ọ̀wọ̀ rẹ̀ ni mo rò. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi bóyá mo ti fi ẹnu ara mi tọrọ nǹkan lọ́wọ́ obìnrin yìí rí, àfi omi mímu. Mi ò rántí ọjọ́ kan.

"Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń retí yín lórí fóònù," ó ní. "Ẹ máa ń pè, ẹ máa ń bèèrè ìlera, ẹ máa ń sọ ti òjò àti ti iná. Ẹlòmíràn lẹ máa ń rán sí mi fún ìyókù."

Ojú tì mí, mo sì jẹ́ kó tì mí. Mo ní, "Àṣàbí, ilé ti tóbi jù fún mi. Oúnjẹ kò dùn mọ́. Mo fẹ́ kí o padà wá bá mi gbé. Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo fẹ́ ọ."

Ó wo ògiri. "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ohùn mi kò dáa lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Obìnrin tó ń ṣọ́nà kọjú sí ibòmíràn.

Àṣàbí yíjú sí mi. Ó ní, "Mi ò ní bá yín lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá bá yín lọ, wọ́n á ní ẹ lọ mú mi wá ni. Bí n ó bá wá, n ó fi ẹsẹ̀ ara mi wá. Mo gbádùn ibí, mi ò ní purọ́ fún yín, n ó kọ́kọ́ bi ara mi léèrè dáadáa. Ẹ lọ sílé. Ẹ máa bèèrè títí n ó fi dáhùn. Ẹ̀yin fúnra yín o."

A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ti ilé-ọnà. Ó gbé orí lé èjìká mi, ohun tí kò ṣe rí ní gbangba láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹdẹ

Ẹ ti mọ ibi tó wà báyìí. Ẹ̀yin àgbà ẹbí, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ mi ni. Láràárọ̀, bí mo bá ti kírun àsùbá tán, mo máa ń pè é kí àwọn ọmọ Bùṣírá tó jí. Mo máa ń bèèrè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣòro fún mi bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ èdè tuntun lọ́jọ́ ogbó. Àwọn ọjọ́ kan, ó máa ń ní kò tíì yá. Àwọn ọjọ́ kan, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín, á ní kí n lọ jẹun.

Lánàá mo bèèrè, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Fèrèsé yàrá wa, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Mo rí aṣọ fèrèsé kan tó máa bá a mu." Mo ní kó dúró dè mí. Mo wá tépù, mo wọ̀n ọ́n, iye tí mo rí kò dá mi lójú, mo tún un wọ̀n, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó kà á fún un.